Oyin Màmá àti Ẹ̀dọ̀ Bàbá Mi

Ibà apọ́njú la kọ́kọ́ pè é. Ẹyinjú bàbá mi pọ́n bí ìyeyè, oúnjẹ kò sì wù wọ́n jẹ mọ́. Wọ́n ń kọ́ni ní kéú nílé wa ní Ìwó, wọ́n sì ní oko ẹ̀gẹ́ lọ́nà Kuta. Kí àìsàn náà tó dé, wọ́n ti fín oògùn apakoríko yí oko ká láìbo imú. Ẹ̀rọ tí wọ́n gbé kọ́ ẹ̀yìn ń jò, oògùn sì rin aṣọ mọ́ wọn lára.

Nígbà tí a gbé wọn dé ọsibítù, dókítà, ọ̀dọ́bìnrin kan, ní ó jọ pé májèlé náà ti ṣe ẹ̀dọ̀ wọn léṣe. Ó kọ oògùn, ó ní kí wọ́n sinmi, kí wọ́n má sì fẹnu kan àgbo kankan.

A ò tíì jókòó dáadáa nílé tí ẹ̀gbọ́n wọn obìnrin, tí mò ń pè ní Màmá, fi gbé ìgò oyin dé láti Kuta.

"Àlùkùránì pàápàá pè é ní ìwòsàn," wọ́n ní. "Ẹ fún un lá láràárọ̀."

Mo kúnlẹ̀. "Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ṣé oyin kì í ṣe àgbo?"

"Ṣé egbò igi ló wà nínú ẹ̀ ni?"

Èmi náà ti gbọ́ lórí rédíò pé oyin ní èròjà kan tó máa ń gbèjà ẹ̀dọ̀ àti kíndìnrín bí májèlé bá wọ ara. Mo padà lọ bi dókítà.

"Wọ́n ti dán an wò lára eku, ó ṣiṣẹ́," ó ní. "Ti èèyàn ni kò tíì dá wa lójú tó bẹ́ẹ̀. Bàbá yín ò ní àtọ̀gbẹ, ẹ jẹ́ kí wọ́n lá díẹ̀. Ṣùgbọ́n kò lè rọ́pò oògùn o."

Ṣé bẹ́ẹ̀ ni ni àbí bẹ́ẹ̀ kọ́? Mo gun ọ̀kadà délé, mi ò mọ èyí tí mo gbọ́.

Bàbá ń lo oògùn, wọ́n ń lá oyin. Ara wọn ń yá díẹ̀díẹ̀. Nígbà tí ìgò gbẹ, mo tẹ̀ lé Màmá lọ bu òmíràn. Lábẹ́ igi káṣú, létí oko ẹ̀gẹ́ bàbá mi gan-an, ni ilé oyin Màmá wà. Gbogbo koríko tó yí i ká ti gbẹ pátápátá. Oògùn Bàbá ló pa wọ́n.

"Màmá, ibi tí májèlé wà ni kòkòrò oyin yìí ti ń jẹ."

Wọ́n wo koríko, wọ́n wò mí. "Ṣé kí n dà á nù ni?"

A sọ fún Bàbá, wọ́n bú sẹ́rìn-ín. Wọ́n ní ká lọ ra oyin ní Olúpọ̀nnà. Ta ló mọ ohun tí wọ́n ń fín níbẹ̀ náà?

Àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ fi hàn nígbẹ̀yìn pé ẹ̀dọ̀ wọn ti bọ̀ sípò. Dókítà ní ìsinmi àti oògùn ni. Màmá ní oyin ni. Bàbá ní Ọlọ́run ni, wọ́n sì fi ọkọ́ ro oko lọ́dún náà.

Lọ́jọ́ kan, obìnrin àdúgbò wa kan wá bá mi. Ojú ọkọ rẹ̀ ti ń pọ́n.

"Ẹ jọ̀ọ́, kí lẹ fún Bàbá lò?"

"Ẹ gbé wọn lọ sí ọsibítù kíákíá."

"Oyin ńkọ́?"

Mo ní kó bi dókítà, síbẹ̀ mo wọlé lọ bu oyin díẹ̀ fún un.