Ìgò Omi Ojú Ìyá Mi Nínú Oòrùn Talladjé

Ọjọ́ Jímọ̀ tí wọ́n wá gba omi ojú ìyá mi ní àdúgbò wa, Talladjé, ni ọjọ́ tí n kò lè gbàgbé. Àpólò, àrùn ojú pípọ́n tó ń ràn, ti mú gbogbo àdúgbò nígbà náà. Dókítà tó ń tọ́jú ìyá mi ní òun gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ mọ irú kòkòrò tó wà lójú rẹ̀, torí oògùn tó dára fún irú kan lè fọ́ ojú tí irú mìíràn wà nínú rẹ̀.

Òṣìṣẹ́ ilé àyẹ̀wò gbé kúlà yìnyín dé. Ó fi òwú nu ojú ìyá mi, ó ti òwú náà bọ inú ìgò kékeré, ó sì gbé ìgò náà síwájú inú ọkọ̀ rẹ̀, níbi tí oòrùn ń pa á. Mo ṣí kúlà wò: bísáàpù, sóbò tútù tí yóò mu, ló kún inú rẹ̀!

Mo ké sí ọkùnrin náà pé, "Mùsíọ̀, ìgò yẹn ló yẹ kó wà nínú yìnyín!"

Ó ní, "Tántì, ẹ ní sùúrù. Ẹ jẹ́ n kírun ná."

Ó ti ọkọ̀ pa mọ́ ìgò náà, ó lọ. Ìyá mi ní, "Fi í sílẹ̀, Sìfáwù. Àlejò wa ni."

Èsì dé: wọn ò rí kòkòrò kankan, torí oòrùn ti pa èyí tó wà nínú ìgò. Kí wọ́n tó padà wá gba òmíràn, ojú òsì ìyá mi ti fọ́.

Mo kọ lẹ́tà ẹ̀sùn mẹ́ta sí ilé àyẹ̀wò, kò sí ìdáhùn. Ìyá mi ṣì ń bi mí pé irú àpólò wo ló fọ́ ojú òun.