Jẹ́-n-rí-i àti Àmì Orí Òbè Jọọlá

Kò sí ẹni tó ta edé fún Mosúnmọ́lá rí tí kò mọ̀ pé yóò ki ọwọ́ bọ apẹ̀rẹ̀ dé ìgúnpá. Edé ńláńlá tó wà lókè kì í tàn án jẹ; ìsàlẹ̀, níbi tí iyanrìn máa ń sá pamọ́ sí, ló ń wá. Ìdí nìyí tí wọ́n fi sọ ọ́ ní Jẹ́-n-rí-i ní Igbókòdá. Orúkọ náà bá a dé ilé ìwé tó ti ṣe tíṣà, ó sì bá a dé ìdí kọ̀ǹpútà. Ẹ bú u bí ẹ bá fẹ́, obìnrin tí ẹnikẹ́ni kò rí yàn jẹ ni.

Iṣẹ́ tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ báyìí ṣòroó ṣàlàyé fún ará ilé. Àwọn ọmọ Ìlàjẹ kan dá wíkì sílẹ̀ lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, ojú ìwé kan fún ìlú kọ̀ọ̀kan ní etí òkun: ẹni tó tẹ̀ ẹ́ dó, ọ̀nà omi tó dé ibẹ̀, àwọn ìdílé tó wà níbẹ̀. Nígbà tí ojú ìwé pọ̀ ju agbára ènìyàn lọ, Fọláránmi, ọmọ Ọ̀yọ́ tó jẹ́ olórí iṣẹ́ náà, ṣe irinṣẹ́ kan. Irinṣẹ́ yìí ló ń jẹ́ kí àwọn ẹ̀rọ ọlọ́gbọ́n tí wọ́n ń pè ní éjẹ́ǹtì máa ka ojú ìwé fúnra wọn, kí wọ́n sì máa lẹ àmì mọ́ ọn: "ìlú ni", "ọjà ni", "òkun ti gbé e". Mosúnmọ́lá ló ń kọ ìwé ìlò rẹ̀, èyí tí ènìyàn àti éjẹ́ǹtì jọ ń kà.

Kò fọkàn tán éjẹ́ǹtì rárá. Ẹni tí kì í sùn, tí kì í jẹun, kí ló ń wá láàárín ènìyàn? Gbogbo gbólóhùn tó bá kọ sínú ìwé ìlò náà, ó máa ń dán an wò kó tó bọ́ sórí èkejì. Àpẹẹrẹ tí kò bá ṣeé dán wò, irọ́ ló ń pè é.

Àfi bó ṣe ṣí ojú ìwé Òbè Jọọlá, ìlú tí wọ́n bí i sí, lọ́jọ́ Ajé kan, tí àyà rẹ̀ já. Àmì pupa wà lórí rẹ̀: "òkun ti gbé e." Bẹ́ẹ̀ àjọ kan fẹ́ fún àwọn ìlú etí òkun ní ọkọ̀ ojú omi tí yóò máa gbé aláìsàn lọ sí ọsibítù, wọ́n sì ti ní inú wíkì làwọn yóò ti mú orúkọ lọ́jọ́ Ẹtì. Ìlú tí òkun bá ti gbé, ta ni yóò gbé ọkọ̀ lọ fún? Lóòótọ́ òkun ti lé àwọn ará Òbè Jọọlá kiri, ṣùgbọ́n bí omi bá dé, wọ́n á tú pákó ilé, wọ́n á kó o sínú ọkọ̀, wọ́n á sì gbé orúkọ ìlú dání lọ.

Ó pe Moríkẹ́, ìyá rẹ̀.

"Ìye, ṣé ẹ wà ńbẹ̀?"

"Ọma mi, ibo ni n bá wà?" Ikọ́ fée tó ń dá ìyá náà dúbulẹ̀ kò jẹ́ kó mí dáadáa. "Ẹja ni mò ń yan."

Wàyí o, ọkàn Mosúnmọ́lá lọ tààrà sórí Fọláránmi. Àlejò ni. Ó máa ń lọ gba fóònù lẹ́yìn ilé, á sì máa sọ̀rọ̀ wúyẹ́wúyẹ́. Bí kò bá nídìí, obìnrin kì í jẹ́ Kúmólú. Ta ló fẹ́ gba ọkọ̀ tó tọ́ sí Òbè Jọọlá? Inú bí i débi pé ó wọ ọ́fíìsì láìkí ẹnikẹ́ni.

"Ọ̀gá, kí ni wọ́n fún yín lórí Òbè Jọọlá?"

Búrẹ́dì há Fọláránmi lọ́fun. "Tíṣà, kí ni mo ṣe?"

"Ẹ tún ń bi mí? Ẹ ti rì wá sómi kí òkun tó dé!"

Ọkùnrin náà kò bínú, èyí sì tún mú ìfura rẹ̀ le sí i. Ó kàn yí kọ̀ǹpútà sí i. "Gbogbo àmì ló ní ìdí lábẹ́ rẹ̀, ẹ̀yin náà lẹ kọ ọ́ bẹ́ẹ̀ sínú ìwé ìlò. Ẹ ki ọwọ́ bọ ìsàlẹ̀ apẹ̀rẹ̀, Tíṣà."

Mosúnmọ́lá tẹ àmì náà. Ohun tí éjẹ́ǹtì kọ síbẹ̀ nìyí: "Ìwé ìlò ló sọ pé: Bí àpẹẹrẹ, lẹ àmì 'òkun ti gbé e' mọ́ Òbè Jọọlá."

Òun ló kọ ọ́. Ìlú gidi tó ṣeé dán wò ló ń wá lọ́jọ́ náà, èyí tó kọ́kọ́ sọ sí i lọ́kàn ló sì lò. Ó dán an wò, ó yọ àmì náà kúrò, ó gbàgbé. Éjẹ́ǹtì wá kà á lẹ́yìn rẹ̀, ó ṣe ohun tí tíṣà ní kó ṣe. Ìtìjú bò ó. Láti kékeré ni Moríkẹ́ ti ń kìlọ̀ fún un pé a kì í fi orúkọ alààyè ṣe àpẹẹrẹ burúkú; bí o bá fẹ́ sọ pé ẹnì kan kú, Lágbájá ni kó o pè é. Mosúnmọ́lá máa ń fi ìkìlọ̀ náà rẹ́rìn-ín ni.

Ó fẹ́ kúnlẹ̀, Fọláránmi di apá rẹ̀ mú. "Ẹ fi ìyẹn sílẹ̀. Ẹ yọ ọ́ kí ọjọ́ Ẹtì tó pé." (Títí dòní, Mosúnmọ́lá ṣì fẹ́ mọ ẹni tó ń pe ọkùnrin náà lórí fóònù lẹ́yìn ilé.)

Ó yọ àmì náà. Ó pa orúkọ ìlú rẹ̀ rẹ́ nínú àpẹẹrẹ, ó fi Lágbájá rọ́pò rẹ̀. Kò pẹ́ tí éjẹ́ǹtì ka ìwé náà lákọ̀tun, tó sì fi ìbéèrè ránṣẹ́: "Mo wá ìlú Lágbájá, n kò rí i. Ṣé kí n máa wá a lọ?"

Jẹ́-n-rí-i tẹ èsì.

"Má wá a mọ́. Má rí i láéláé."