Bí Tíṣà Ṣe Kọ́ Láti Dákẹ́

Ẹni tí à ń pè ní Tíṣà kò lè rí ọmọ tó ń wá ìdáhùn kó má fún un. Bí Ọlọ́run ṣe dá a nìyẹn. Ọdún mọ́kànlá ló fi kọ́ àwọn ọmọ kékeré ní ABD kó tó padà sí yunifásítì. Ó gboyè kan, ó tún ń wá òmíràn lé e. Ilé àyẹ̀wò la ti pàdé, níbi tí wọ́n ti ń kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ bíi tirẹ̀ bí a ṣe ń mọ ìdí tí ọmọ kan kò fi lè fọkàn sí nǹkan, tàbí tí ìwé kò fi wọ òmíràn lórí. Èmi ni mo ń tọ́jú ilé níbẹ̀ láti ọdún tí bàbá àwọn ọmọ mi ti kú fi mí sílẹ̀. Kíláàsì mẹ́ta péré ni mo kà, ṣùgbọ́n ìgbálẹ̀ kì í béèrè sátífíkéètì.

Òfin iṣẹ́ náà kò ṣòro gbọ́. Ẹ ó jókòó ti ọmọ, ẹ ó bi í ní ìbéèrè bó ṣe wà nínú ìwé gẹ́lẹ́, ẹ ó sì dákẹ́. Kò sí "o káre," kò sí mímirí, kò sí pé ẹ fìka tọ́ ọ sọ́nà. Ọ̀gá tó ń kọ́ wọn, obìnrin pẹ́lẹ́ńgẹ́ kan tí kì í tètè rẹ́rìn-ín, máa ń sọ pé, "Bẹ́ ẹ bá ti ran ọmọ lọ́wọ́, ara yín lẹ dán wò." Dígí ńlá kan wà lára ògiri yàrá ọ̀hún. Ẹni tó wà lẹ́yìn rẹ̀ ń rí àwọn tó wà nínú, àwọn ò rí i. Èmi ni mo ń nù ún, mo sì máa ń nù ún pẹ́ díẹ̀ tí ìran bá dùn.

Nígbà àkọ́kọ́ tí Tíṣà ṣe ìdánwò tí wọ́n fi ń yege iṣẹ́ náà, bí ọmọ tó wà níwájú rẹ̀ ṣe rí ìdáhùn kan báyìí, ó fò dìde. "Ẹ pàtẹ́wọ́ fún un!"

Ta ni kó pàtẹ́wọ́? Àwọn méjì péré ló wà nínú yàrá. Ẹ̀rín fẹ́rẹ̀ẹ́ pa èmi àti àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yòókù lẹ́yìn dígí. Lẹ́ẹ̀kejì, kò sọ nǹkan kan, àmọ́ ètè rẹ̀ ń pe ọ̀rọ̀ náà ṣáájú ọmọ. Ó tún gbòdo. Ẹ̀ẹ̀mẹta sì ni wọ́n ń gbà fún èèyàn. Tó bá tún gbòdo nínú ẹ̀kẹta, kó kó ẹrù rẹ̀, kó gbàgbé iṣẹ́ náà nìyẹn.

Ó wá bá mi níbi tí mo ti ń fún omi dànù lára aṣọ ìnulẹ̀.

"Màmá, ẹ gbà mí."

"Ta ló ń lé ẹ?"

"Ẹnu mi ni."

"Kí n wá fi abẹ́rẹ́ rán an ni?"

"Ẹ ṣe bí ọmọdé fún mi, mà. Kí n máa bi yín, kẹ́ ẹ máa ṣì í, kí n lè fi kọ́ bí wọ́n ṣe ń dákẹ́."

"Ìyẹn ò le. Láti kékeré ni mo ti mọ bí wọ́n ṣe ń ṣì í."

Ọ̀sẹ̀ méjì la fi ṣe é, lọ́sàn-án, tí gbogbo èèyàn bá ti lọ jẹun. Á ka nọ́ńbà sí mi létí, á ní kí n kà á padà láti ẹ̀yìn. Bí mo bá ti ṣì í, ìpéǹpéjú rẹ̀ á gbéra sókè.

"Ojú ẹ ti tú àṣírí," ni mo máa ń wí.

"Kí wá ni kí n ṣe sójú, Màmá? Kí n bọ́ ọ sílé?"

Mo sọ ọ̀rọ̀ bàbá àwọn ọmọ mi fún un. Nígbà tí rọpárọsẹ̀ dá a dúbúlẹ̀, ọ̀rọ̀ ṣòroó rí fún un. Bó bá ti yanu ni mo ti ń sọ fún un: omi ni? Aṣọ ni? Fèrèsé ni? Inú á bí i, á kọjú sí ògiri. Lọ́jọ́ kan, ó ti rẹ̀ mí, mo kàn ń wò ó. Ó wá ọ̀rọ̀ náà, ó wá a, ó wá a. Ó rí i. Ó ní, "Jókòó." Àṣé kò fẹ́ gba nǹkan kan lọ́wọ́ mi, ìsinmi mi ló ń wá láti àárọ̀.

Tíṣà kò fèsì. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn.

Ọjọ́ ìdánwò kẹta pé. Gbẹ́nàgbẹ́nà kan mú ọmọbìnrin rẹ̀ ọlọ́dún mẹ́jọ wá. Ilé ìwé ti kọ lẹ́tà pé ọmọ náà kì í fọkàn sí nǹkan, pé ojú fèrèsé ló ń wò ṣáá. Tíṣà sọ ìtàn gígùn kan fún un. Ọmọ náà sọ ọ́ padà láìfo ohunkóhun. Ó ka nọ́ńbà padà láti ẹ̀yìn dáadáa ju bí mo ṣe lè kà á láti iwájú lọ. Tíṣà wá gbé ìwé kíkà síwájú rẹ̀.

"Ẹyẹ kan wà níta," ọmọ náà wí.

Tíṣà dákẹ́. Ọmọ gbójú sókè, ó ń wá inú ojú rẹ̀ kiri bí ẹni tó ń wá kọ́kọ́rọ́ nínú àpò. Kò rí nǹkan kan níbẹ̀. Lẹ́yìn dígí, èmi ti di aṣọ ìnudígí mú bí ẹni tó fẹ́ fún omi rẹ̀ dànù. Ọmọ náà fìka sórí ìwé, ó fa lẹ́tà kan yọ, ó yí èkejì sódì, òógùn bò ó. Nígbà tó yá, ó mí kanlẹ̀.

"Àǹtí, ẹ ò ṣe bíi tíṣà wa. Tí mo bá wo ojú tíṣà wa, mo máa ń mọ ọ̀rọ̀ tó kàn."

Mo rí i tí ọ̀rọ̀ yẹn wọ Tíṣà lára. Ṣùgbọ́n kò mira. Ó ṣí ojú ìwé tó kàn, ó bá iṣẹ́ rẹ̀ lọ títí ó fi parí.

Wọ́n tún dán ọmọ náà wò lọ́jọ́ méjì mìíràn, wọ́n bi bàbá àti ilé ìwé ní ìbéèrè rẹpẹtẹ. Ọ̀gá wá pe Tíṣà jókòó. "Kí lo rí?"

"Ọkàn rẹ̀ wà níbẹ̀ dáadáa, mà. Ìwé kíkà gan-an ló ṣòro fún un. Ó ń sá fún un lọ sójú fèrèsé." Omi bọ́ lójú rẹ̀. "Ọdún mọ́kànlá, mà. Àwọn mélòó ló ti ń ka ojú èmi náà, tí mo rò pé ìwé ni wọ́n ń kà?"

"Kò burú," Ọ̀gá wí. "O ti mọ̀ báyìí. O yege."

Wọ́n pe gbẹ́nàgbẹ́nà wọlé. Tíṣà sọ fún un pé ọmọ rẹ̀ kì í ṣọ̀lẹ, pé ọ̀nà wà tí wọ́n ń gbà kọ́ irú wọn níwèé. Bàbá náà fọwọ́ nu ojú.

"Ẹ jọ̀ọ́, àǹtí, ọ̀nà wo?"

Tíṣà wo Ọ̀gá.

"Ìdánwò ti parí," Ọ̀gá wí. "O lè sọ̀rọ̀."

Háà! Ó sì sọ ọ́. Ó sọ ọ́ tọwọ́tẹsẹ̀, ó lọ sídìí pátákó ìkọ̀wé, ó ń ya lẹ́tà, ó ń dárin, títí bàbá ọmọ fi na ọwọ́ sókè bí ọmọ ilé ìwé pé, ẹ jọ̀ọ́, kó ní sùúrù, kí òun wá bírò.