Ọjọ́ Tí Eyín Díákónì Orval Já Sínú Ọbẹ̀

Ẹ̀yin ọmọ, ṣé etí yín wà nílé?

"Ó wà nílé, Màmá Àgbà!"

Ẹnu ńkọ́?

"Ó ti sùn!"

Àlọ́ mi gbéra, ó fò gàgà, kò bà lórí ìjàpá, kò bà lórí ẹkùn, àfi orí Díákónì Orval Pettus tó kú nígbà òtútù. Títí dòní, bí ẹnikẹ́ni bá dárúkọ ọkùnrin náà ní apá Alabama tiwa níbí, àwọn ènìyàn á kọ́kọ́ fọwọ́ bo ẹnu ara wọn ná.

Eyín ló fà á. Ọ̀sán ọjọ́ Ìsinmi kan ni, ìsìn ṣẹ̀ṣẹ̀ parí, gbogbo ìjọ ti ya sí ilé oúnjẹ Dewey Crenshaw. Díákónì jókòó nídìí tábìlì kan náà pẹ̀lú Pásítọ̀. Twyla, obìnrin tó ń gbé oúnjẹ fún wa níbẹ̀, sọ gbólóhùn kan ṣoṣo fún un. Díákónì la ẹnu. Ó la ẹnu náà kọjá ibi tó yẹ kí ẹnu dé. Ni eyín àtọwọ́dá tòkè bá yọ, pòtò, ó di inú ọbẹ̀ tó wà lórí ọ̀dùnkún gígún. Ọbẹ̀ ta sí Pásítọ̀ láyà. Eyín náà wá dúró sí àárín àwo, ó ń rẹ́rìn-ín músẹ́ sí gbogbo ìjọ.

Kí ni Twyla sọ? Ẹ fara balẹ̀. Ẹni tí kò bá mọ Orval kò lè mọ ìdí tí eyín fi já.

Orval Pettus kì í san iye tí wọ́n bá pe ọjà fún un. Bí o bá pè é ní ahun, á bínú; ó ní a-mọ-ọjà-ná ni òun. Nígbà kan, eyín kan ń dùn ún, ó lọ bá oníṣègùn eyín. Onítọ̀hún ní ọgọ́rin dọ́là ni òun máa gbà.

"Ọgọ́rin kẹ̀! Nítorí eyín kan?"

"Ẹyọ kan ni, sà."

"Tó bá jẹ́ méjì ńkọ́?"

"Mo lè gba ọgọ́fà."

"Ẹ̀n-ẹ́n! Ó ti ń wálẹ̀ nìyẹn. Tí mo bá kó gbogbo rẹ̀ fún ọ ńkọ́?"

Bó ṣe di aláìléyín nìyẹn, tó sì ń yangàn káàkiri pé òun rí i yọ ní ọ̀pọ̀.

Pósí rẹ̀ náà, ó ti rà á tipẹ́ kó tó kú. Ẹ̀gbẹ́ pósí náà bó díẹ̀ níbi tí wọ́n ti ń tà á, ló bá ní kí wọ́n gé owó rẹ̀ sí ìdajì. Ó gbé e sínú abà, ó ń kó ẹ̀pà sí i. Eunola, ìyàwó rẹ̀, figbe ta.

"Orval! Pósí, nínú abà mi?"

"Mo ti sanwó rẹ̀, Eunola. Ṣé kí n wá jẹ́ kó máa ṣòfò títí n ó fi kú ni?"

Ṣùgbọ́n owó kan wà tí kì í ná, nítorí kò tilẹ̀ gbà pé ó yẹ kó wà: owó tí àwọn ènìyàn ń fi sábẹ́ àwo fún agbáwo, ẹni tó gbé oúnjẹ wá fún wọn, bí wọ́n bá jẹun tán.

"Ọgbọ̀n ọdún ni mo fi hun òwú nílé iṣẹ́," ó máa ń wí. "Ta ló fi sẹ́ǹtì kan sórí ẹ̀rọ mi rí? Ọ̀gá mi ló ń sanwó mi. Kí Dewey náà sanwó agbáwo rẹ̀!"

Síbẹ̀, kò fẹ́ kó dà bí ẹni pé òun dìde nídìí tábìlì láìfi nǹkan sílẹ̀. Ló bá dá ọgbọ́n. Ó ní kí wọ́n tẹ ìwé ìwàásù pélébé fún òun, kí wọ́n ṣe ẹ̀yìn rẹ̀ bí ogún dọ́là gẹ́lẹ́. Bí o bá ká a sí méjì, owó ni lójú ẹni gbogbo. Bí o bá ṣí i, ohun tí wàá rí nínú rẹ̀ ni: "Ṣé inú rẹ ti dùn? Owó ayé ń ṣá. Ìṣúra tòótọ́ ń bẹ lọ́run." Ó tẹ orúkọ ara rẹ̀ sísàlẹ̀, kí àwọn áńgẹ́lì má baà kọ iṣẹ́ náà sí orúkọ ẹlòmíràn.

Ó pín in fún gbogbo ìjọ, kí àwa náà máa fi sábẹ́ àwo. Ó pín in fún Pásítọ̀. Ọjọ́ Ìsinmi ni ẹsẹ̀ Twyla ń wú jù lọ, ọjọ́ náà ló sì ń gba ìwàásù jù lọ.

Twyla yìí, obìnrin pẹ́lẹ́ńgẹ́ ni, ẹnu rẹ̀ mú bí abẹ. Ó ń dá ọmọbìnrin rẹ̀ kan tọ́. Láti ìgbà tí ọwọ́ Díákónì ti bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n, Twyla ló ń bá a gé adìẹ rẹ̀ sí wẹ́wẹ́ kó tó gbé e jáde, á ṣe bí ẹni pé bí wọ́n ṣe ń sè é nìyẹn, kí ojú má baà ti bàbá. Òun ló mọ̀ pé kò fẹ́ àlùbọ́sà. Ṣùgbọ́n lọ́dún yẹn, ó ti sọ fún Dewey pé ó sú òun. Ilé iṣẹ́ tí wọ́n ti ń pa adìẹ ní ìlú kejì ń gba ènìyàn, òun á lọ síbẹ̀. Ọjọ́ Ìsinmi tó ń bọ̀ ni ìkẹyìn òun. Dewey ò fẹ́ kó lọ. Twyla náà ò fẹ́ lọ. Ṣùgbọ́n ìwàásù kì í san owó iná.

Nígbà tó di Sátidé, Díákónì jókòó sẹ́yìn ọkọ̀ rẹ̀ lẹ́bàá títì, ó ń ta ẹ̀pà sísè. Twyla dúró.

"Bàbá Díákónì, èló ni àpò ńlá yìí?"

"Dọ́là mẹ́wàá. Torí ìwọ ni o. Ẹlòmíràn, méjìlá ni."

"Ẹ gba ogún. Ẹ má wulẹ̀ wá ṣéńjì kankan."

Ó ti ká a sí méjì kó tó fi lé e lọ́wọ́. Bàbá ò ṣí i. Inú rẹ̀ dùn débi pé ó bu ẹ̀kúnwọ́ ẹ̀pà kan jin Twyla, ohun tí ojú kò rí rí.

Lọ́jọ́ kejì, Díákónì ló ń gbé igbá ọrẹ kiri. Àṣà tirẹ̀ ni pé bó bá fi ogún dọ́là sí i, á yọ méjìdínlógún padà. Ó fi tìyanga-tìyanga mú ogún dọ́là Twyla jáde níwájú gbogbo wa, ó ṣí i. "Ṣé inú rẹ ti dùn?" Inú rẹ̀ ò dùn.

Ó wo ìsàlẹ̀, ó rí orúkọ ara rẹ̀. Orin ìkẹyìn ò tíì parí tó fi dé ilé oúnjẹ Dewey.

"Twyla! Ayédèrú owó lo fi ra ẹ̀pà mi!"

"Ayédèrú kẹ̀, Bàbá? Ìṣúra ọ̀run ni. Ẹ̀yin lẹ kọ ọ́."

"Ṣé mo fi ra nǹkan lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni rí?"

"Ẹ jókòó ná. Ẹ̀pà yín wà nínú ọkọ̀ mi, mi ò jẹ ẹyọ kan nínú rẹ̀, ẹ máa gbé e lọ sílé. Mo kàn fẹ́ kẹ́ ẹ mọ bó ṣe máa ń rí ni." Ó gbé àwo kalẹ̀ níwájú rẹ̀. Adìẹ ti wà ní wẹ́wẹ́. "Ẹ jẹun, kó má tutù."

Pásítọ̀ àti àwa yòókù ti dé, a ti jókòó, a ti gba oúnjẹ, a sì ti ki ìwé wa sábẹ́ àwo gẹ́gẹ́ bí ìṣe wa. Díákónì ń fi ìbínú jẹun.

"Ọ̀rọ̀ wa yàtọ̀," ó ní. "Èmi, ẹ̀pà tí mo bá tà ni mo fi ń jẹun. Ìwọ, Dewey ń sanwó rẹ."

"Ẹ mọ iye tó ń san fún mi?"

"Iye tí òfin là kalẹ̀ ni. Nǹkan bíi dọ́là méje ó lé."

"Dọ́là méjì ni, Bàbá. Dọ́là méjì àti sẹ́ǹtì mẹ́tàlá, fún wákàtí kan."

Ibi tí eyín ti já nìyí.

"Dọ́yà méyì?" Díákónì ń pariwo láìléyín. Ó ki ọwọ́ bọnú ọbẹ̀, ó yọ eyín, ó fi aṣọ tábìlì nù ún, ó tì í bọ ẹnu. "Dọ́là méjì! Dewey! Olè! Jáde síbí!"

Dewey jáde láti ilé ìdáná, ìyẹ̀fun wà lọ́wọ́ rẹ̀ dé ìgúnpá.

"Mi ò jalè o, sà. Bí òfin ṣe wí nìyẹn. Agbáwo tí oníbàárà ń fún lẹ́bùn, dọ́là méjì ó lé yẹn ni kí n san fún un. Ẹ̀bùn ẹ̀yin oníbàárà ló máa gbé e dé dọ́là méje àti sẹ́ǹtì mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n. Bí kò bá dé ibẹ̀, èmi ni n óò dí i."

"O ń dí i bí?"

Dewey fi ìyẹ̀fun họrí. "Ọ̀sẹ̀ lódidi ni òfin ní kí n fi ṣírò, sà. Ohun tí àwọn awakọ̀ akẹ́rù ń fún un lọ́jọ́ Ẹtì ló ń bo ọjọ́ Ìsinmi láṣìírí."

"Ìyẹn ni pé bí èmi ò bá fún un ní nǹkan…"

"Àwọn awakọ̀ tí ẹ ń pè ní ẹlẹ́ṣẹ̀ ló ń bá yín san án."

Ṣíbí kan já bọ́ níbì kan, kò sẹ́ni tó bẹ̀rẹ̀ mú un. Àwa tí a ti ń jẹun lọ́wọ́ Twyla láti ìgbà tó ti débẹ̀, ó dà bí ẹni pé wọ́n da omi yìnyín lé wa lórí. Kò sẹ́nì kan nínú wa tó béèrè rí.

"Àwọn tó ṣòfin náà," Díákónì ní, ohùn rẹ̀ ti wálẹ̀, "ṣé wọ́n mọ̀?"

"Àwọn ló kọ ọ́, sà. Twyla ṣì ń lọ síléèwé nígbà tí wọ́n ti fi í sí méjì ó lé yẹn. Wọn ò fi sẹ́ǹtì kan kún un láti ìgbà náà."

Díákónì dìde. Ó na ọwọ́ sábẹ́ àwo Pásítọ̀, ó fa ìwé pélébé náà yọ.

"Pásítọ̀, èló ni wọ́n kọ sẹ́yìn èyí?"

"Díákónì, ẹ̀yin náà lẹ fún mi…"

"Mo ní èló ni?"

"Ogún dọ́là."

"Ó dáa. Ẹ mú ogún dọ́là wá, kí n gba ìwé mi."

Bó ṣe ń ti tábìlì kan bọ́ sí òmíràn nìyẹn, tó ń gba owó gidi fún Twyla dípò ìwàásù, àfìgbà tí Twyla dì í lápá mú.

"Bàbá, ó tó! Wọn kì í fi ipá gba ẹ̀bùn."

"Mo gbọ́. Ó ku tèmi." Ó yọ àpò owó rẹ̀, ó tú okùn rọ́bà ara rẹ̀. "Gba dọ́là mẹ́wàá."

"Oúnjẹ yín gan-an ò tó mẹ́wàá. Ẹ mú méjì wá."

"Méjìlá!"

"Bàbá, owó oògùn yín ńkọ́? Mẹ́ta ti tó."

"Mẹ́ẹ̀ẹ́dógún! Ọ̀rọ̀ ìkẹyìn mi nìyẹn. Bí o ò bá gbà, mò ń lọ o!" Ó sì kọrí sí ẹnu ọ̀nà lóòótọ́, ó ń rọra rìn, ó ń wẹ̀yìn, bí gbogbo ẹni tó mọ ọjà ná ti í ṣe.

"Ẹ padà, Bàbá," Twyla ní. Ẹ̀rín ló ń rín, omijé ló ń nù. "Ẹ mú un wá."

Ọjọ́ kan ṣoṣo tí mo rí i láyé mi nìyẹn, kí ẹni tó fẹ́ san máa fa owó sókè, kí ẹni tó fẹ́ gbà máa fà á wálẹ̀.

Ṣùgbọ́n kò tíì tán. Díákónì padà jókòó. "Dewey, ó ku ìwọ. Lọ́jọ́ Ìsinmi, san méje àti sẹ́ǹtì mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n yẹn pé fún un látọwọ́ ara rẹ, kí ẹ̀bùn tiwa wá gorí rẹ̀."

"Òfin ò ní kí n ṣe bẹ́ẹ̀, sà."

"Ṣé òfin ní kí o má ṣe bẹ́ẹ̀ ni?"

Dewey ronú. "Kò sọ bẹ́ẹ̀ náà."

"Ẹ̀n-ẹ́n. Mo ń retí rẹ."

Àwọn ènìyàn lọ tán. Dewey gbé àga lé orí tábìlì. Ó gbálẹ̀, Díákónì gbé ẹsẹ̀ sókè kó gbá abẹ́ rẹ̀.

"Díákónì, mo fẹ́ tilẹ̀kùn."

"Tì í. Mo ní ẹ̀pà nílẹ̀."

Nígbà tó yá, Eunola wọlé, ó wo ọkọ rẹ̀, ó wo Dewey.

"Dewey, ọmọ mi, gbà fún un. Láti ìgbà tí mo ti wà lómidan ni mo ti ń bá a gbé. Kì í rẹ̀ ẹ́."

Dewey gbà. Twyla ti ká aṣọ iṣẹ́ rẹ̀ sórí káńtà láti dá a padà. Ó wo aṣọ náà títí. Lẹ́yìn náà ó nà án mú, ó so ó mọ́dìí padà, ó sì bi Díákónì bóyá á mu kọfí. Bí kò ṣe lọ síbi tí wọ́n ti ń pa adìẹ nìyẹn.

Láti ọjọ́ náà, Orval di ìyọnu. Ilé oúnjẹ yòówù tí Eunola bá mú un wọ̀, ìlú yòówù kó jẹ́, á pe agbáwo: "Ọmọ mi, èló ni wọ́n ń san fún ọ?" Á sì yára fọwọ́ di eyín mú kí onítọ̀hún tó dáhùn.

Nígbà tó kú, inú pósí ìdajì owó yẹn la tẹ́ ẹ sí. Gbogbo ilé ìsìn ń rùn bí ẹ̀pà. Pásítọ̀ fẹ́ gbàdúrà, ẹ̀rín gbà á, ẹkún gbà á, kò mọ èyí tó máa jẹ́. Twyla dìde, ó lọ síbi pósí. Ó tún kọ́là ẹ̀wù bàbá ṣe. Ó mú owó kan jáde, ó ṣí i kí gbogbo wa rí i pé owó gidi ni, ó ká a sí méjì, ó fi í sínú àpò àyà bàbá.

"Bàbá," ó ní, "ẹni tó bá gbé oúnjẹ fún yín lọ́hùn-ún, ẹ fún un ní èyí. Ẹ má fún un ní ìwé. Kẹ́ ẹ sì sọ fún un pé kó bá yín gé ẹran sí wẹ́wẹ́, pé ẹ ò fẹ́ àlùbọ́sà."

Eunola fi ańkáṣífù bojú. "Èló lo fi síbẹ̀, ọmọ mi?"

"Ogún dọ́là, Màmá."

"Ogún kẹ̀?" Eunola mí kanlẹ̀, ó na ọwọ́, ó fi pẹ̀lẹ́ tọ́ àpò náà. "Orval yóò gba ṣéńjì."

"Màmá Àgbà, ṣé ó gba ṣéńjì náà?"

Èmi ò tíì débẹ̀, báwo ni n óò ṣe mọ̀? Ó yá, oorun ti ń kùn yín. Ta nínú yín ló bu omi wá fún mi lẹ́ẹ̀kan? Ìwọ ni? La ọwọ́ rẹ. Gba. Gidi ni, o lè ṣí i wò. Ẹ lọ sùn.