Màmúdù Aránfìlà àti Omi Tí Kò Ní Òjò

Bí ojú ọ̀run bá ṣú ní Ọjà'ba, àwọn ọlọ́jà kì í wo òkè. Ṣọ́ọ̀bù Màmúdù aránfìlà ni wọ́n ń wò. Bó bá ti ń ká aṣọ rẹ̀, àwọn aláta á bo ata, ẹlẹ́ran á wá ọ̀rá. Bó bá jókòó, ọjà ń lọ nìyẹn. Wọ́n ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́, ṣùgbọ́n wọ́n ń gbọ́ tirẹ̀.

Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni lọ́dún Omíyalé, nígbà tí Ògùnpa ya wọlé àwọn èèyàn. Òjò rọ̀, kò dá. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, kò sí ìyá rẹ̀, kò sí àbúrò rẹ̀. Wọn ò rí òkú àwọn méjèèjì. Ohun kan ṣoṣo ló kọ́ níbẹ̀: omi kì í dédé wá. Ìkùukùu ní í kọ́kọ́ rán níṣẹ́.

Nígbà tó fi bí Karimat, ọmọ kan ṣoṣo tó ní, òjò ńlá kankan ò bá wọn nílé rí. Bí òkè bá ti ṣú, á pọn ọmọ náà, ó di orí òkè Màpó. Ibẹ̀ ni wọ́n máa wà títí òjò á fi dá.

Karimat dàgbà, ó di tíṣà. Ẹyẹ àti ẹranko ló fẹ́ràn. Ọjọ́ Sátidé kì í bá a nílé. Ó ti bẹ bàbá rẹ̀ títí pé kó bá òun dé etí òkun lọ́jọ́ kan, kó wá wo nǹkan. Màmúdù kọ̀. Ọdún yìí, nínú oṣù Ṣẹ́rẹ́, ọyẹ́ ń fẹ́, ó béèrè ọ̀rọ̀ kan.

"Ṣé òjò máa ń rọ̀ níbẹ̀ lóṣù yìí?"

"Rárá, Bàbá."

"Màá lọ."

Zakariyya tó ń ta òwú níwájú ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ bú sẹ́rìn-ín. "Màmúdù! Ìwọ tí gọ́tà ń lé kiri, òkun lo fẹ́ lọ kí?"

"Òjò ni mò ń sá fún. Èmi àti omi ò jà."

Bàbá àtọmọ kírun Àsùbáà, wọ́n gba Ìjẹ̀bú-Òde, wọ́n kọjá Ẹ̀pẹ́, wọ́n dé abúlé apẹja kan létí òkun. Obed, ọkùnrin Ìlàjẹ kan tó ní ọkọ̀ ojú omi, ló ń fi ọ̀nà han àlejò níbẹ̀.

"Bó bá jẹ́ ọ̀bọ lẹ fẹ́ rí, inú igbó ẹ̀yìn abúlé yẹn ni. Ìjàpá òkun, apá ọ̀hún ló ti ń yé ẹyin, ṣùgbọ́n òru ló ń jáde. Bó bá wá jẹ́ ẹyẹ, kò sí ibi tó dà bí òkìtì yanrìn tẹ́ ẹ ń wò láàárín omi yẹn. Omi ti fà. Ẹ fẹsẹ̀ rìn débẹ̀. Ṣùgbọ́n bí oòrùn bá ti kọjá àtàrí, Bàbá, ẹ padà. Ẹ má jẹ́ n sọ ọ́ lẹ́ẹ̀mejì."

Ó bá àwọ̀n rẹ̀ lọ.

Omi ò ju ọrùn ẹsẹ̀ lọ nígbà tí wọ́n sọdá. Àwọn ẹyẹ pọ̀ lórí yanrìn bí èrò ọjà. Àwọn kékeré ń sáré tẹ̀ lé ìgbì, bó bá yíjú padà wọ́n á sá. Ẹyẹ òfú kan dúró gbàgìdì, àpò ń fì lọ́fun rẹ̀.

"Wo eléyìí," Màmúdù ní, "bí alágbàtà tó gbé ẹrù ẹlẹ́rù mì."

Karimat rẹ́rìn-ín. Kò rí bàbá rẹ̀ kó tú ara sílẹ̀ báyìí rí. Nígbà tó yá, ó wo aago.

"Bàbá, Obed ní ká padà."

Màmúdù gbójú sókè. Ojú ọ̀run mọ́ gaara.

"Òjò dà? Fi ìkùukùu kan ṣoṣo hàn mí."

Karimat wo òkè, ó jókòó padà. Ẹni tó ti ń sá fún omi látọjọ́ tó dáyé, tó bá ní kò séwu, ta lòun láti jiyàn?

Àwọn ẹyẹ ló kọ́kọ́ gbéra, gbogbo wọn, lẹ́ẹ̀kan náà. Lẹ́yìn náà ni bàtà Karimat léfòó kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn.

Wọ́n yíjú. Ibi tí wọ́n gbà wá ti di odò. Omi ń lọ níbẹ̀, fẹ̀rẹ̀gẹ̀dẹ̀, kò pariwo. Ògùnpa máa ń ké. Eléyìí ò sọ nǹkan kan.

Màmúdù tún wo òkè. Kò sí nǹkan níbẹ̀. "Ibo ló ti wá?" ló ń wí. "Ibo ló ti wá?"

Yanrìn ń kéré. Ó ku ibi tí èèyàn mẹ́wàá lè ti kírun. Ó ku ibi tí méjì lè dúró. Omi dé ojúgun. Karimat ń pariwo orúkọ Obed, afẹ́fẹ́ ń gbà á lẹ́nu rẹ̀. Kò mọ omi í wẹ̀. Bàbá rẹ̀ náà ò mọ̀ ọ́n.

Màmúdù bọ́ bùbá funfun ọrùn rẹ̀, ó nà án sí i lọ́wọ́. "Gùn mí lẹ́yìn."

"Bàbá, ẹ ò lè gbé mi."

"Gùn mí! Kó o máa fì í!"

Ó gùn ún. Ọmọ ọgbọ̀n ọdún. Ẹsẹ̀ Màmúdù rì sínú yanrìn. Omi dé orúnkún, ó dé itan. Kò gbàdúrà gígùn. "Olúwa, má mú eléyìí" ni gbogbo rẹ̀.

Obed rí aṣọ funfun náà. Nígbà tí ọkọ̀ rẹ̀ dé, omi ti dé ìbàdí Màmúdù, kò sì lè tú ọwọ́ lára ẹsẹ̀ ọmọ rẹ̀. Obed ló ja ìka rẹ̀ kúrò, ọ̀kọ̀ọ̀kan.

"Ẹ̀yin ará Ìbàdàn! Kí lẹ dúró wò?"

"Òjò ò ṣú," Màmúdù ní.

"Òjò wo? Ẹ̀ẹ̀mejì lójúmọ́ ni omi yìí ń kún, ẹ̀ẹ̀mejì ló ń fà. Kò bá òjò mulẹ̀."

"Lójoojúmọ́?"

"Lójoojúmọ́ ayé."

Màmúdù ń wo òkè lọ títí wọ́n fi wọ Bẹyẹrúnká, àdúgbò rẹ̀ n'Ìbàdàn.

Ọ̀sẹ̀ méjì kọjá. Karimat wá kí i.

"Bàbá, mò ń padà lọ sétí òkun ní Sátidé."

"Ẹ̀rù ò bà ọ́ ni?"

"Ó ń bà mí. Ṣùgbọ́n wọ́n mọ aago omi náà, Bàbá. Mo ti béèrè."

Màmúdù wò ó. Àgbàlagbà ni, kò ṣeé tì mọ́lé. Ó gba fóònù lọ́wọ́ rẹ̀, ó ní kó pe Obed fún òun.

"Ọ̀gá Obed, aago mélòó ni omi máa kún ní Sátidé?"

Obed sọ ọ́. Màmúdù fi ṣọ́ọ̀kì kọ ọ́ sára ògiri, ní nọ́ńbà Lárúbáwá tó kọ́ nílé kéwú. Ó wò ó. Ó tún ní kí Karimat pè é.

"Bàbá, mo ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ ọ́ fún yín ni," Obed ní.

"Mo gbọ́," Màmúdù ní. "Ẹ tún un sọ."