Fífọ Bọ́tà Màmá Roseline

Orí fóònù ni mo ti gbọ́ ohùn Màmá Roseline kẹ́yìn. “Ìyá Kànmí, wá lọ́la kí n kọ́ ọ bí a ṣe ń fọ bọ́tà, kí omi mílíìkì tó ń mú un kan lè jáde. Ìyẹn nìkan ló kù tí o ò mọ̀.”

Mo ní snow ti pọ̀ jù, ó di Saturday.

“Ẹni ọdún mọ́kàndínláàádọ́rùn-ún lo ń dá Saturday fún.” Wọ́n rẹ́rìn-ín. Friday ni wọ́n jáde láyé.

Abúlé kan ní Ireland ni wọ́n ti wá, ògiri kan ló là wá láàárín ní àdúgbò Falconridge, nílùú òyìnbó níbí. Garawa onígi ìyá wọn wà nínú basement. Wọ́n á máa fi igi gún ọ̀rá mílíìkì nínú rẹ̀ títí yóò fi dì. Orúkọ tiwọn gan-an ni Roseline, wọn ò bímọ. Wọ́n ń wá ẹni tó máa gba iṣẹ́ náà kí wọ́n tó lọ, èmi ló bọ́ sí wọn lọ́wọ́.

Èèwọ̀ ilé wọn ni pé ẹni tó bá wọlé bá wọn nídìí iṣẹ́ gbọ́dọ̀ gún díẹ̀, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀, á kó oríire bọ́tà lọ. Pásítọ̀ wa, Tádé, ò mọ̀. Ó wá gbàdúrà fún ẹsẹ̀ tó ń dùn wọ́n, ó ṣe àmín, ó jáde. Bọ́tà kọ̀, kò dì. Màmá gba inú snow pẹ̀lú sílípáàsì, wọ́n ká a mọ́ ìdí mọ́tò.

“Pásítọ̀, o ti gbé bọ́tà mi lọ.”

“Màmá, ẹ yẹ àpò mi wò.”

“Wá gún un.”

Ó bọ́ kóòtù, ó gún un títí ó fi làágùn. Bọ́tà dì. Ní Sunday, ó jẹ́rìí pé àdúrà gbà: ojú òun ni Màmá ṣe sáré.

Èmi náà ṣe tèmi. Ṣakí ni wọ́n ti bí mi, omi gbígbóná ni ìyá mi fi ń po òrí. Lọ́jọ́ tí Màmá ní kí n da omi sí bọ́tà láti fọ̀ ọ́, mi ò bèèrè, mo da gbígbóná sí i. Gbogbo rẹ̀ yọ́ di epo. Wọ́n wo garawa títí.

“Ìyá Kànmí, òkú méjì ni mo ti sin nínú ilé yìí. Kò sí èyí tó dùn mí tó báyìí.”

Ọkọ wọn wà lára òkú méjèèjì.

Láti ọjọ́ yẹn, wọn ò jẹ́ kí n sún mọ́ omi mọ́. Wọ́n ní kí n mọ gígún ná. Ọdún mẹ́ta ni mo fi gún.

Ilé mi ni garawa náà wà báyìí. Kànmí ní, “Mummy, just Google it.” Mo wò ó, ọwọ́ tí mo rí níbẹ̀ kì í ṣe tiwọn. Bí mo bá ń gún, mo máa ń bá a sọ̀rọ̀ bí wọ́n ṣe ń ṣe: “Dì, ọmọ mi, rọra dì.” Ó sì ń dì.

Àmọ́ kì í kọjá ọjọ́ kẹta tó fi ń kan. Mi ò tíì mọ bí wọ́n ṣe ń fọ̀ ọ́.