Oko Tí Àbúrò Mi Dá Sínú Ẹ̀rọ Eré

Bí ẹnikẹ́ni bá tún sọ fún mi pé ohun tí èèyàn bá fi owó ara rẹ̀ rà, tirẹ̀ ni, mi ò ní bá a jiyàn. Ó ti rẹ̀ mí. Àbúrò mi ra eré sínú ẹ̀rọ kan tí à ń so mọ́ tẹlifíṣọ̀n. Kì í ṣe èyí tó ń wà nínú páálí o, orí íńtánẹ́ẹ̀tì ló ti rà wọ́n, inú ẹ̀rọ ni wọ́n sì wọ̀ lọ tààrà. Kò jí ọ̀kankan. Nígbà tó yá, àwọn tó ń tà á ti ìsọ̀ orí íńtánẹ́ẹ̀tì wọn pa, wọ́n bá tiwọn lọ. Èyí tó bá bàjẹ́ lẹ́yìn ìyẹn, kò sí ibi tí o ti máa tún un gbà, bí o tilẹ̀ ń pariwo títí pé o ti sanwó.

Àbúrò mi ti kú báyìí. Nínú àwọn eré tó rà, oko ni wọ́n ń dá nínú ọ̀kan. Nígbàkígbà tó bá ti Kútọnù wá sílé ní Kétu, yàrá ìyá wa ló máa ń jókòó sí láti ta eré náà, ìyá á sì jókòó tì í. Ìyá wa ò mọ bọ́tìnnì kankan, ṣùgbọ́n ó mọ oko. Á ní àwọn ebè yìí ti fún jù, á ní ta ló ní kó gbin ewébẹ̀ síbẹ̀ yẹn, á bú u pé ó fi ebi pa màlúù. Àbúrò mi á máa rẹ́rìn-ín, á sì ṣe é bó ṣe wí. Oko náà di tàwọn méjèèjì. Nígbà tí ọmọ kú, ìyá ò béèrè aṣọ rẹ̀, kò béèrè fóònù rẹ̀. Ó ní òun fẹ́ rí oko náà, ó sì ń sọ ọ́ lójoojúmọ́.

Ọ̀rọ̀ ì bá rọrùn, bí kì í bá ṣe ti ogún pínpín. Ìyàwó méjì ni bàbá wa ní, àbúrò mi ò sì ní aya, kò lọ́mọ. Àwọn àgbà ẹbí tó ti Odomẹ̀tà wá pín ẹrù rẹ̀ ò fẹ́ ìjà láàárín ìdí méjèèjì, nítorí náà gbogbo ohun tó bá ṣeé yà sí méjì ni wọ́n ń yà. Nígbà tó kan ẹ̀rọ eré, wọ́n rí àpótí dúdú kékeré kan tí wọ́n fi okùn so mọ́ ọn. Inú àpótí yẹn ni àbúrò mi ń kó àwọn eré tó rà sí. Àgbà kan fa okùn náà yọ, ó gbé ẹ̀rọ fún àwọn ọmọ ìyá kékeré, ó gbé àpótí fún àwa. Mo ní ọ̀kan ò lè ṣiṣẹ́ láìsí èkejì, pé àpótí yẹn ò ní dá ẹ̀rọ mìíràn lóhùn láéláé. Wọ́n ní kí n jókòó, ṣebí bẹ́ẹ̀ náà ni àwọn ṣe pín ibùsùn àti tìmùtìmù rẹ̀. Mo jókòó.

Bí ẹ̀rọ ṣe bá ọmọ ìyá kékeré lọ sí Ìdìgní nìyẹn, tí àpótí sì ń sùn láàárín aṣọ nínú kọ́bọ́ọ̀dù mi. Lẹ́yìn náà ni mo gbọ́ pé wọ́n lè da eré tí èèyàn ti rà kọ kúrò nínú ẹ̀rọ sínú kọ̀ǹpútà. Ètò kan wà tí wọ́n ń pè ní emulatọ̀, òun ló máa ń sín ẹ̀rọ eré jẹ nínú kọ̀ǹpútà, tí eré á fi rò pé inú ilé òun lòun ṣì wà. Aránṣọ ni mí. Ojú tí mo fi ń wá ihò abẹ́rẹ́ ni mo fi ń wo fídíò àwọn tó ń ṣàlàyé rẹ̀ ní Faransé, wọ́n sì ń yára sọ̀rọ̀ bí ẹni tí wọ́n ń lé. Ọmọ ìyá kékeré tó gbé ẹ̀rọ lọ sí Ìdìgní wá pè mí pé ẹ̀rọ náà ti ń kùn bí ẹ̀rọ tó ń lọ àgbàdo, pé ó ń kú fúnra rẹ̀. Mo mọ̀ pé bó bá kú pátápátá, oko ìyá mi bá a lọ nìyẹn.

Mo gun alùpùpù sẹ́míjàn lọ sí Ìdìgní, mo gbé kọ̀ǹpútà mi dání, mo fi gèlè di àpótí náà mọ́ àyà nítorí eruku. Ọmọ ìyá kékeré náà ti lọ sóko, ìyàwó rẹ̀ ló gbà mí lálejò. Ó kúnlẹ̀, ó fún mi lómi. A so àpótí mọ́ ẹ̀rọ, a tan án. Tẹ́lẹ̀, bí a bá ti tan án báyìí, fọ́tò àbúrò mi àti orúkọ rẹ̀ ló máa ń kọ́kọ́ yọ. Kò yọ. Mo béèrè, ìyàwó náà ò sì fi pamọ́. Ó ní gbogbo ìgbà tí àwọn bá tan ẹ̀rọ ni ojú òkú máa ń yọ sí àwọn, bí ẹni pé ó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé ni, òun ò sì lè sùn mọ́. Òun fúnra òun ló wá ibi tí wọ́n ti ń pa á rẹ́.

“Tàntì, ẹ má bínú,” ó ní. “Mo tọrọ àforíjì lọ́wọ́ rẹ̀ kí n tó pa á rẹ́.”

Mo ní mi ò bínú. Mo sọ fún ara mi pé inú àpótí ni oko máa wà, níbi tí eré wà. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í da eré náà kọ. Iná lọ, a dúró dè é. Iná dé, mo tún bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀, ìyàwó náà ń fi abẹ̀bẹ̀ fẹ́ ẹ̀rọ kó má baà gbóná kú mọ́ wa lọ́wọ́. Ó se ọkà fún mi, mo jẹ ẹ́. Nígbà tí eré náà wọ inú kọ̀ǹpútà mi tán, mo fi ẹ̀rọ wọn sílẹ̀ fún wọn, nítorí ìpín tiwọn ni.

Lọ́jọ́ kejì, ìyá wa wẹ̀, ó ró ìró tó dára. Mo gbé kọ̀ǹpútà ka iwájú rẹ̀, mo tan eré. Orin rẹ̀ bẹ̀rẹ̀, ìyá rẹ́rìn-ín, ó mọ orin náà. Lẹ́yìn náà ni eré wá béèrè orúkọ mi, bí wọ́n ṣe ń béèrè lọ́wọ́ àlejò. Ibẹ̀ ni mo ti mọ̀. Eré nìkan ló wà nínú àpótí. Oko wà nínú ẹ̀rọ pẹ̀lú fọ́tò àbúrò mi, ohun tó pa ọ̀kan rẹ́ ló pa èkejì. Koríko, òkúta àti kùkùté igi ló yọ sí wa. Kò sí ebè, kò sí màlúù.

Ìyá wò ó títí. Mo ṣàlàyé fún un, mo ní màá tún un dá, kó máa júwe fún mi bó ṣe ń júwe fún un.

“Ta ló bẹ̀ ọ́ níṣẹ́?” ó ní. “Wọn ò jẹ́ kí n mọ ibi tí wọ́n sin ọmọ mi sí. Mo ní bí mo bá rí oko yẹn, ó tó mi.”

Mo ń bínú sí gbogbo ayé, sí àwọn tó ti ìsọ̀ wọn, sí àwọn àgbà tó fa okùn yọ, àti sí obìnrin tó fi abẹ̀bẹ̀ fẹ́ ẹ̀rọ fún mi lánàá. Ìyá rí i lójú mi.

“Má sọ fún ìyàwó yẹn,” ó ní. “Ẹ̀rù ló bà á. Pa kọ̀ǹpútà yẹn, jẹ́ kí n sinmi.”

Mo pa á. Ní ìrọ̀lẹ́, ìyàwó náà pè mí láti Ìdìgní, ó béèrè bóyá ìyá rí oko ọmọ rẹ̀. Mo ní ìyá rí i, pé ìyá ní kí n kí i, pé ó ṣeun.